Mọ́tò Onígi Tí Mo Rà fún Màámi

Láti ìgbà tí mo ti dé, ohun kan náà ni mò ń gbọ́ ní Ẹ̀pẹ́ àti ní Ìkòròdú: pé òyìnbó fi mọ́tò àtijọ́ lù mí ní jìbìtì, pé ìwé tí mo lọ kà kò là mí lójú. Wọn kì í sọ ọ́ sí mi létí. Wọ́n á kí mi kú àbọ̀, wọ́n á béèrè bí òtútù ibẹ̀ ti rí, wọ́n á wá yíjú sí mọ́tò tó wà lábẹ́ igi iwájú ilé wa, wọ́n á mi orí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. Èmi kì í jiyàn ní gbangba. Ó ti mọ́ mi lára láti yẹ ọ̀rọ̀ wò kí n tó dá a lóhùn, nígbà tí mo bá sì yẹ̀ ẹ́ wò tán, àwọn tó sọ ọ́ á ti lọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti kọ ọ́ bó ṣe rí, láti ìlú tí mo ti ra mọ́tò náà wá.

*

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi tẹ́lẹ̀. Ẹja ni. Mo rìn dé ìsọ̀ ẹlẹ́ja kan nítòsí ilé tí mo gbà, gbogbo ẹja tó tò sórí tábìlì rẹ̀, kò sí èyí tó lórí. Mo bi í pé àwọn orí náà ńkọ́. Ó ní àwọn tó ní ológbò ni òun ń fún, ó sì bi mí bóyá mo ní ológbò. Nílé wa, àgbà ni à ń gbé orí ẹja fún. Ọmọdé tó bá fọwọ́ kàn án á gbọ́ tirẹ̀. Mo ro ọ̀rọ̀ náà wò, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ológbò. Ó di orí ẹja fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo lọ fi se ọbẹ̀ tó dára. Títí mo fi kúrò nílùú yẹn ni ọkùnrin náà ń bi mí léèrè àlàáfíà ológbò mi. Kò béèrè àlàáfíà èmi fúnra mi rí.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fọ ìgò mílíìkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Omi gbígbóná, ariwo ìgò, àti ọ̀gá kan tó ń fi orúkọ ọmọ Gánà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú mi pè mí. Mo ṣe àtúnṣe fún un nígbà àkọ́kọ́, mo ṣe é nígbà kejì, mo sì dákẹ́. Nílé tí mo ń gbé, mo ń kí àwọn tí a jọ ń gun àtẹ̀gùn láràárọ̀, wọn kì í dáhùn. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tí o kí tí kò jẹ́ ọ, ìjà wà láàárín yín. Mo lo ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tí mo ń wádìí ohun tí mo fi ṣẹ̀ wọ́n. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé àwọn náà kì í kí ara wọn, ara sì tù mí díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtura náà kò pé.

Bí ilẹ̀ bá ṣú, màá dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa gbọ́ omi ọ̀sà tí kò sí níbẹ̀.

*

Màámi ń ta ẹja. Òun àti àbúrò rẹ̀, Àǹtí Mọ̀rílíà, ni wọ́n jọ ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń kó o gba orí ọ̀sà lọ sí Ìkòròdú, níbi tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràmọ́tù, ti ń tà á lọ́jà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí n rìnrìn àjò, ìjì ká wọn mọ́ orí omi lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ̀. Wọ́n fa màámi yọ. Àǹtí Mọ̀rílíà kò yè. Láti ọjọ́ náà, màámi kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Obìnrin Ẹ̀pẹ́ tó ń ta ẹja tí kò lè wọ omi dà bí àgbẹ̀ tó ń sá fún ilẹ̀. Ó gbìyànjú lọ́rí tó ń gba Ìjẹ̀bú-Òde yí lọ sí Ṣàgámù kí ó tó já sí Ìkòròdú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ẹ̀yìn lọ́rí ń da agbọ̀n rẹ̀ dùbúlẹ̀, wọ́n ń ju àpò gààrí lé e lórí. Ẹja yíyan kì í dùbúlẹ̀. Inú agbọ̀n gíga ni a ń tò ó sí lóòró, kí agbọ̀n náà sì dúró títí ó fi dé ọjà. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ẹja á fọ́, ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ló sì ń ra ẹja fífọ́.

Ó ta ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Ó ta ti Àǹtí Mọ̀rílíà tó jogún. Ó ní kí wọ́n bá òun ra mọ́tò ẹlẹ́yìn gígùn, èyí tí ìdílé ń gùn, tó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn bí ilẹ̀kùn yàrá, kí òun lè jókòó níwájú kí ẹja òun sì dúró lẹ́yìn. Nítorí pé mo wà lọ́hùn-ún, èmi ni wọ́n ní kí n lọ yàn án.

Ṣùgbọ́n bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì sì ni olórí ilé wa. Òun ni mo ń kọ lẹ́tà sí, òun ló ń kà á fún màámi, nítorí bẹ́ẹ̀ ló yẹ. Ó dá owó díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ mọ́tò náà. Ẹnu ló dá sí i jù. Ó kọ̀wé sí mi pé tuntun ni kí n rà, èyí tí àwọn òyìnbó fúnra wọn ń gùn lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí mọ́tò ni ojú ẹbí.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe méjèèjì tí mo ń wò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú irú tuntun jáde ni, èyí tó kù nínú irú àtijọ́ sì wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì lò rí. Ti àtijọ́ ga nílẹ̀, òrùlé rẹ̀ sì ga. Láti ẹ̀yìn ìjókòó dírẹ́bà títí dé òpin, igi ni egungun rẹ̀, tí wọ́n kùn tó ń dán bí àga ilé ọlọ́rọ̀. Ti tuntun jẹ́ irin látòkè délẹ̀. Ó rẹlẹ̀, ó dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára jù, kò sì pariwo.

Mo yẹ̀ wọ́n wò bí mo ṣe ń yẹ iṣẹ́ ilé ìwé wò. Ikán kò lè jẹ tuntun, òjò kò lè mú ara rẹ̀ rà. Ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ jù fún ọ̀nà Ṣàgámù nígbà òjò, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì máa ń jẹ irin. Àwọn mẹkáníìkì Ìkòròdú mọ ẹ́ńjìnnì àtijọ́ dáadáa. Bí igi ẹ̀yìn rẹ̀ bá sì bàjẹ́, ẹni tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀pẹ́ lè pààrọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kà sí i lọ́rùn jù ni pé igi ń mu òórùn. Ohun tí igi bá fà mu, kò ní tu ú sílẹ̀ mọ́, ẹja ni a sì fẹ́ kó sí i.

Gbogbo èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ohun tó kù ni gíga. Mo kọ̀wé sílé pé òrùlé tuntun kò ga tó ti àtijọ́, kí màámi jọ̀ọ́ fi okùn wọn agbọ̀n ẹja kí wọ́n sì fi okùn náà ránṣẹ́.

*

Okùn náà dé nínú ìdì gààrí, òun àti lẹ́tà Àlàájì. Okùn àwọ̀n ni, tó ṣì ń rùn bí ilé wa. Mo gbé e sí imú fún ìgbà pípẹ́ kí n tó wò ó. Nígbà tí mo wò ó, mo rí i pé kókó kan ló ní. Ní ìlú wa, okùn tí a bá fi wọn nǹkan, orí méjèèjì ni a ń ta ní kókó. Ẹni tó bá mú okùn tí kò ní kókó wá, kò sí ẹni tó máa fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ gé pákó tàbí àwọ̀n. Mo rí i, mo sì wá àlàyé fún un: bóyá ó tú lọ́nà, bóyá ẹni tó dì í ló gé e. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ẹni tó ń wádìí, mo jẹ́ kó kọjá.

Mo mú okùn náà lọ sí ilé ìtajà mọ́tò. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ wo bàtà mi kí ó tó wo ojú mi. Mo ní mo fẹ́ wo tuntun. Ó ní, "Ọmọkùnrin, irú àtijọ́ ló yẹ àwọn ènìyàn yín. Tuntun yìí ẹlẹgẹ́ ni. Ẹ ó bà á jẹ́ kí oṣù tó tán."

Mo bi í bóyá ó ti dé ilẹ̀ wa rí. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n àbúrò ìyàwó òun ti dé Índíà.

Mo yọ okùn jáde. Ó bi mí pé kí ni ìyẹn, mo ní okùn ìyá mi ni, kí ó jọ̀ọ́ bá mi di orí kejì mú. Ó wo okùn, ó wo mí, ó sì wo àwọn oníbàárà méjì tó ń wò wá. Kò rí ọ̀nà gbé e gbà. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò náà tòun ti kóòtù rẹ̀, ó di okùn àwọ̀n Ẹ̀pẹ́ mú mọ́lẹ̀ títí mo fi wọ̀n ọ́n tán. Àwọn ìṣẹ́gun kékeré bẹ́ẹ̀ ni mo fi gbé ìlú yẹn.

Okùn náà wọ inú tuntun, àyè tilẹ̀ ṣẹ́ kù lókè rẹ̀. Mo jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìpinnu pé tuntun ni màá rà, kí ọkùnrin náà lè rí i pé ó yẹ wá.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà níbẹ̀, Sànyà, ọmọ Ìjẹ̀dẹ̀ tó ń kọ́ nípa òfin. Ará Ẹ̀pẹ́ ló ń pè mí, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo ròyìn fún un. Ó rẹ́rìn-ín débi pé tíì dà sí i lára, nígbà tó sì rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Ará Ẹ̀pẹ́, màámi ẹ ló fẹ́ gun mọ́tò yìí ni àbí òyìnbó tó bú ẹ? Bó o bá torí èébú rà á, òun náà ló yàn án fún ẹ."

Mo ní kì í ṣe torí èébú, okùn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n mú okùn náà wá. Ó yí i lọ́wọ́, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Kókó kejì dà? Àbí ní Ẹ̀pẹ́ tiyín, orí kan lẹ máa ń wọ̀n?"

Mo sọ gbogbo àlàyé tí mo ti ṣe fún ara mi. Ó wo orí okùn tí kò ní kókó, ó fi hàn mí. Kò tú. Ọ̀bẹ ló gé e.

*

Èmi àti Ràmọ́tù ló ṣètò tẹlifóònù náà. Ó mú màámi láti Ìkòròdú lọ sí pósófíìsì ńlá tó wà l'Ékòó, èmi náà sì lọ jókòó sínú àpótí onígíláàsì lọ́hùn-ún ní ọjọ́ àti àkókò tí a fi sí. Ohùn rẹ̀ dé bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

Ìdajì àkókò wa ni ìkíni gbé lọ. Ó kí mi, ó kí iṣẹ́ mi, ó kí òtútù, ó kí àwọn tí a jọ ń gbé ilé, kò sì mọ̀ pé wọn kì í jẹ́ mi. Ó ní ṣé mò ń rí ẹja jẹ. Mo ní mò ń rí orí ẹja. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó gbà pé wọ́n ti ń fi mí ṣe àgbà níbẹ̀. Mi ò tú u fó.

Mo ní, "Màámi, kókó mélòó lẹ ta sí okùn yẹn?"

"Méjì. Mo ti ta kókó kan ṣoṣo rí?"

"Kókó kan ló dé ọ̀dọ̀ mi, mà."

Mo gbọ́ bí wáyà tẹlifóònù náà ṣe ń hó. Mo bi í pé ta ló mú okùn lọ fi ránṣẹ́. Kò ní láti dáhùn: Àlàájì ló ka lẹ́tà mi fún un, òun ló mọ̀ pé òrùlé tuntun kò ga, òun náà ló di gààrí. Nígbà tí màámi sọ̀rọ̀ padà, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní, "Dìde dúró. Jẹ́ kí ọwọ́ ẹ rọ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọrùn ọwọ́ ẹ bá dé, ibẹ̀ ni ẹnu agbọ̀n dé. Nígbà tó ò ń bá mi kó ẹrù, ẹnu agbọ̀n lò ń fọwọ́ lé."

Mo dìde dúró nínú àpótí onígíláàsì náà. Ọwọ́ mi rọ̀. Ó rántí dáadáa. Ara mi náà rántí.

"Má bá àgbà jà lórí okùn," ni ó wí. "Èyí tó bá gba agbọ̀n ni kó o rà. Bí kò bá gbà á, mi ò ní ọkọ̀ omi mọ́, mi ò sì ní mọ́tò."

Wáyà náà já.

*

Mo padà lọ sí ilé ìtajà náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ọ̀pá kan níbi tí ọrùn ọwọ́ mi dé. Ọ̀pá náà kò wọ tuntun. Òrùlé kọ̀ ọ́. Ó wọ ti àtijọ́ bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò. Mo ní ti àtijọ́ ni kí wọ́n bá mi dì.

Ọkùnrin náà gbá mi léjìká. Ó ní òun ti sọ fún mi, pé inú òun dùn pé mo gba ìmọ̀ràn.

N kò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo ti ṣe ohun tó tọ́, ohun tó tọ́ náà sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ṣe làálàá kankan fún un. Lọ́la, á sọ fún ẹlòmíràn pé àwọn ènìyàn dúdú fúnra wọn mọ̀ pé àwọn kò tó tuntun. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká mi títí ó fi gbé e kúrò. Mo ní, "Ìwọ rò ó. Èmi wọ̀n ọ́n. Kì í ṣe ohun kan náà." Mi ò rò pé ó yé e. Ó ti ń wo ẹni tó wọlé lẹ́yìn mi.

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ náà bí mo ti ń fọ ìgò. Níbí, ẹnì kan tí kò tíì tẹ ilẹ̀ wa rí mọ ohun tó yẹ wá. Nílé, ẹnì kan tó dúró bíi bàbá fún wa mọ ohun tó yẹ wá, ó sì mú ọ̀bẹ sí ohun tó lè ta ko òun. Mo ti máa ń rò pé èmi ni mo ṣì wà láàárín ìlú méjì, tí n kò jẹ́ ti ibì kan. Lọ́jọ́ náà, mo rí i pé mo ní ibi tí mo ti wá, ó sì ní ìwọ̀n: láti ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ mi. Ẹni tó gé okùn àti ẹni tí kò fẹ́ wo okùn, ọmọ ìyá ni wọ́n.

*

Mọ́tò náà ṣáájú mi délé. Nígbà tí èmi fi gboyè tí mo padà, Ràmọ́tù ti ní ìròyìn tí kò kọ sínú lẹ́tà. Ó ní láti ọjọ́ tí mọ́tò ti dé ni Àlàájì ti ń jókòó síwájú rẹ̀ lọ síbi ìsọmọlórúkọ, síbi yìgì, sí ìlú tí a pè é àti ìlú tí a kò pè é, tí agbọ̀n màámi á sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí á máa dúró. Bí mọ́tò bá ráyè ni ẹja ń lọ. Kò sí ẹni tó lè bi olórí ilé léèrè.

"Mọ́tò ọ̀hún ló bi í," ni Ràmọ́tù wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó lè sọ ọ́.

Ìwọ̀nba ìgbà tí ẹja fi wọ mọ́tò náà ti tó. Òjò rọ̀, igi ẹ̀yìn rẹ̀ wú, òórùn ẹja yíyan sì wọ inú igi lọ jókòó. Wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, wọ́n jó tùràrí sínú rẹ̀. Òórùn méjèèjì wá di ọ̀rẹ́. Àlàájì wọ agbádá funfun lọ síbi yìgì ọmọ ọlọ́lá kan ní Ìkòròdú, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ológbò ilé náà tẹ̀ lé e. Wọ́n lé e, ó padà wá. Títí wọ́n fi ṣe àdúà tán, ìdí agbádá Àlàájì ni ológbò náà jókòó sí. Láti ọjọ́ yẹn kò wọ mọ́tò náà mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ayé pé àtijọ́ ni òyìnbó tà fún mi.

Ohun tí mo ti kà sí igi lọ́rùn jù lọ, òun ló gba mọ́tò fún màámi. Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, n kò sì yẹ ìyẹn wò.

Mo lọ kí Àlàájì. Mo dọ̀bálẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí mo jókòó, mo yọ okùn náà jáde, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ láàárín wa. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, orí kejì dà?"

Kò ṣẹ́. Ó ní, "Mọ́tò tó máa jẹ́ ojú ẹbí ni mo fẹ́. Ṣé ẹja ni ojú ẹbí?"

"Ẹja ló rán mi lọ síléèwé, sà."

Ó ní kí n kú àbọ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣe àlùwàlá. Mo mú okùn mi, mo jáde. Kò tọrọ àforíjì, kò sì ní tọrọ rẹ̀, àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ á sì tún máa mi orí. Bí ẹnikẹ́ni bá tún béèrè lọ́wọ́ mi, èyí tí mo kọ yìí ni ìdáhùn mi.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo bá màámi lọ sí Ìkòròdú. Òun wà níwájú, èmi wà lẹ́yìn láàárín agbọ̀n, tí mo ń rùn bíi wọn. Agbọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró ṣánṣán, ẹnu wọn kù díẹ̀ kó kan òrùlé. Bí a ṣe fẹ́ kúrò, màámi rí i pé ewé ẹnu ọ̀kan ń ṣí. Ó ní kí n fún òun ní okùn. Èyí tó wà lápò mi nìkan ni mo ní.

Ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wo orí tí ọ̀bẹ gé. Kò gùn tó gíga agbọ̀n, ṣùgbọ́n ó tó ẹnu rẹ̀ yí ká. Ó so ó, ó fà á le, ó ta kókó sí orí kejì náà, ó sì ní kí dírẹ́bà máa lọ.